Ìyá Dúró

Orúkọ tí wọ́n ń pè mí létí omi yẹn, èmi kọ́ ni mo sọ ara mi. Ìyá Dúró. Àwọn òbí tó ń mú ọmọ wá síbi ìdíje ìlúwẹ̀ẹ́ ni wọ́n fi dá mi lọ́lá, ẹ̀rín ni wọ́n sì fi ń pè é. Kí ẹ tó bá wọn rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́, nítorí títí dòní olónìí, ara mi ò gbà pé èmi ni mo jẹ̀bi.

Àbígbẹ̀yìn mi, ọmọbìnrin, ló ń lúwẹ̀ẹ́. Irú èyí tí wọ́n ń ta ẹsẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́ ló yàn láàyò, tí orí á yọ sókè omi, tí á tún rì padà. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ó ti fọwọ́ kan ògiri lápá ọ̀hún, ó ń bọ̀, ipò kejì ló wà, ó sì ń lé ti iwájú bọ̀. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun, ọ̀kan nínú àwọn adájọ́, wá ń lọ, ó ń bọ̀ níwájú ibi tí àwa òbí jókòó sí. Bí mo bá na ọrùn sọ́tùn-ún, ó ti dé ọ̀tún. Bí mo bá nà án sósì, ó ti dé òsì. Mo fara dà á, mo fara dà á, ó sú mi. Ni mo bá dìde, mo pariwo: "Ọ̀gbẹ́ni, ẹ dúró sójú kan! Ẹ dúró!"

Ilé tí omi yẹn wà, òrùlé rẹ̀ ga, táìlì ni gbogbo ògiri rẹ̀, ohùn tó bá bọ́ síbẹ̀ kì í tètè rí ọ̀nà jáde. Ọkùnrin náà kò dúró. Ọmọ mi ló dúró. Láàárín omi gbalasa, ó di okùn mú, ó ṣí awò ojú rẹ̀ sókè, ó ń wá mi láàárín èrò kó lè mọ ohun tó ṣe. "Ẹ" tí mo fi bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin yẹn ti rì sómi, "dúró" nìkan ló dé etí ọmọ. Ẹ má sì dá a lẹ́bi. Nílé wa, bí mo bá ti ní dúró, ẹsẹ̀ kì í gbéra mọ́. Létí títì, nídìí iná, lórí àtẹ̀gùn, ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi tọ́ ọ títí tó fi gbọ́n. Gbogbo àwọn yòókù kọjá lára rẹ̀, wọ́n fọwọ́ kan ògiri, wọ́n jáde.

Nínú mọ́tò, kò bá mi jà. Ìbá sàn kó bá mi jà. Ó ń wo ìta, omi ń kán lára irun rẹ̀, ó wá sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá mọ́. Ẹ jẹ́ kí Dádì máa mú mi lọ." Ó dùn mí wọra. Èmi tí mo ti gbà látìgbà èwe pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, mo kàn ní ó dáa.

Bàbá wọn ló wá ń mú un lọ. Èèyàn rere ni ọkọ mi, mo dúpẹ́ pé òun ni mo fẹ́, àmọ́ Ọlọ́run ò fi ẹnu ta á lọ́rẹ. Ẹni tó lọ wòran láti àárọ̀ dọ̀sán, tí mo bá bi í pé báwo ló ṣe lọ, á ní, "Ó lúwẹ̀ẹ́." Mo bi í pé ipò wo ló ṣe, ó ní kò burú. Mo bi í pé ṣé inú ọmọ dùn, ó ní ó jẹun. Bí ọjọ́ Sátidé bá ti pé, màá jókòó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, màá máa ran ohun tí kò kánjú, ọkàn mi á wà létí omi. Màá máa sọ fún ara mi pé ní báyìí, wọ́n ti pè wọ́n jáde. Ní báyìí, ó ti ń na apá. Ní báyìí, ó ti gun orí pẹpẹ tí wọ́n ti ń fò sómi. Ojú ọmọ ń pa mí bí ebi, ọmọ ọ̀hún sì ń sùn ní yàrá kejì.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan báyìí ni ìyá àgbà kan gbé ṣòkòtò funfun wá sí ṣọ́ọ̀bù mi pé kí n bá òun gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Òun ni olórí àwọn adájọ́ létí omi, tí gbogbo ọmọdé ń pè ní Ìyá Fèrè, nítorí fèrè ló fi ń pàṣẹ. Agbẹ̀bí ni kó tó fẹ̀yìn tì. Òun náà sì mọ̀ mí. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Ìwọ kọ́ ni Ìyá Dúró?"

Mo ní èmi ni, mo sì ti sán ṣòkòtò ìjà. Bí mo ṣe ń fi abẹ́rẹ́ oníkókó mú ẹsẹ̀ aṣọ rẹ̀ ni mò ń ro ẹjọ́ ọkùnrin tó ń lọ tó ń bọ̀ yẹn, mo rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mo tún padà sí àárín. Kò dá mi lẹ́kun. Nígbà tí mo parí, ó ní òótọ́ lo sọ, ọkùnrin yẹn máa ń dí èèyàn lójú. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ìṣòro tiwọn fún mi: adájọ́ kò tó. Bí adájọ́ ò bá pé, ìdíje ò lè wáyé, àwọn ọmọ á kàn wẹ ara wọn, wọ́n á máa lọ sílé. Ó ní kí n wá bá wọn ṣe é. Ó ní kò sówó níbẹ̀ o. Búrẹ́dì wà, omi tútù wà, ẹsẹ̀ á sì máa dùn mí.

Mo bi í pé nínú gbogbo èèyàn tó ń wá síbẹ̀, kí ló rí lára èmi aláriwo.

"Gbogbo òbí tó wà níbẹ̀, ọmọ tiwọn ni wọ́n ń wò," ó ní. "Ìwọ nìkan lo wo adájọ́. Ojú rẹ ni mo fẹ́. Ẹnu rẹ, máa fi í sílé."

Ẹlòmíì ì bá sọ bẹ́ẹ̀, ì bá gbé ṣòkòtò rẹ̀ lọ láìgé. Àmọ́ ẹ̀rín ló pa mí. Mo gé aṣọ náà, mi ò gba kọ́bọ̀, mo ní tí ọmọ mi bá ti gbà, mo gbà.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn, ọmọ náà ń fọ abọ́, mo dúró tì í, mò ń nù ún. Mo sọ ọ́ fún un. Ó fọ abọ́ tó kù tán. Lẹ́yìn náà ló nu ọwọ́, ó sì sọ tirẹ̀: kí n wá, àmọ́ bí òun bá fi lè gbọ́ ohùn mi, ẹ̀ẹ̀kan péré, ó parí, mi ò ní wá mọ́ láéláé. Mo ní mo gbọ́. Ó ní kí n búra. Ìyá búra fún ọmọ tó bí, níwájú abọ́ tó ń kán.

Bí mo ṣe di akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn. Yàrá kan wà lẹ́yìn omi, tí wọ́n ń kó okùn àti bùrọ́ọ̀ṣì ìfọlẹ̀ sí, ibẹ̀ ni Ìyá Fèrè ti ń kọ́ àwa tuntun. A jókòó sórí àga oníke, òórùn oògùn omi ń ta wá nímú. Ó kọ́ wa pé nínú ìlúwẹ̀ẹ́ ọ̀pọ̀lọ́, ọwọ́ méjèèjì ló gbọ́dọ̀ kan ògiri pa pọ̀, ọwọ́ kan ò tó. Ó kọ́ wa pé adájọ́ kì í fi ẹnu sọ ohun tó rí. Bí ọmọ bá ṣe àṣìṣe lójú ọ̀nà omi, àárín okùn méjì, tí wọ́n ní kí adájọ́ ṣọ́, adájọ́ á na ọwọ́ kan sókè gbọnrangandan, á sì dúró bẹ́ẹ̀ títí olórí á fi wá bi í léèrè. Ìgbà tí kò bá sí àṣìṣe, ọwọ́ á wà lẹ́yìn, kí ọ̀kan di èkejì mú. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀ ni pé bí ojú adájọ́ ò bá dá a lójú, ọmọ ló ni iyèméjì náà. Ohun tí o kò bá rí dájú, o kò rí i. Mo ronú sí i nígbà tí mo délé. Wọn kì í ṣe irú àánú bẹ́ẹ̀ fún èèyàn níbi púpọ̀ láyé.

Ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ parí, Ìyá Fèrè fi káàdì kọ́ mi lọ́rùn, ó ní, "Iṣẹ́ adájọ́ ò ju pé kéèyàn dúró, kó wò, kó dákẹ́. Wọ́n ti fi iṣẹ́ rẹ sọ ọ́ lórúkọ kí o tó dé."

Mo rán aṣọ funfun tèmi fúnra mi, mo sì rán an dáadáa. Mo ti rò pé ìyà ni dídákẹ́ máa fi jẹ mí. Ó fi jẹ mí lóòótọ́. Ní ìdíje àkọ́kọ́, mo gé ètè mi jẹ tó fi wú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnu dákẹ́, ni ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Láti orí àga òbí, orí ọmọ nìkan là ń rí, orí tó wọ fìlà rọ́bà, tó ń yọ tó ń rì. Létí omi, mo rí ìka ẹsẹ̀ wọn tó ń gbọ̀n lórí pẹpẹ. Mo rí ọmọ tó ń gbàdúrà. Mo rí èyí tó ṣe ìkẹyìn, tó fọwọ́ kan ògiri, tó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ fún ara rẹ̀ nítorí pé ó ṣe é dé òpin. Ọmọ ọlọ́mọ ni gbogbo wọn, mo sì ń fẹ́ràn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń dé bá mi létí ògiri. Bí mo bá délé, Bàbá wọn á bi mí pé báwo ló ṣe lọ, èmi á sọ ọ́ fún un títí oorun á fi gbé e lọ.

Ọkùnrin tó ń lọ tó ń bọ̀ yẹn ńkọ́? Oníṣẹ́ iná ni. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní eékún, bó bá dúró pẹ́, eékún yẹn á gan, ìdí nìyẹn tó fi ń rìn. Òun ló rí i pé bàtà mi ń yọ̀ lórí táìlì, tó sì mú bàtà rọ́bà kan wá fún mi láti ilé rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tọkàntọkàn. Síbẹ̀, mo sọ fún un pé ó yẹ kó máa rìn lẹ́yìn wa ni, kì í ṣe níwájú.

Gbogbo ìgbà yẹn, Ìyá Fèrè kì í fi mí sí ojú ọ̀nà tí ọmọ mi bá wà. Òbí kì í ṣèdájọ́ ọmọ rẹ̀, ó ní, bí ó tiẹ̀ jẹ́ áńgẹ́lì. Mo sì pa májẹ̀mú mi mọ́. Ohùn mi kò jáde.

Ìdíje ńlá wá dé, èyí tí wọ́n fi ń mú ẹni tí yóò kún ẹgbẹ́ tó ń rìnrìn àjò lọ díje níbòmíì. Ẹni tó bá ṣe ìkíní nìkan ni wọ́n máa mú. Ọmọ mi bọ́ sí ọ̀nà kẹta. Wọ́n fi èmi ṣọ́ ọ̀nà kẹrin, tí ọmọbìnrin gíga kan wà, òun gan-an ni ọmọ mi ń bá dupò láti ọjọ́ pípẹ́. Okùn kan péré ló là wọ́n láàárín. Mo fi ọwọ́ sẹ́yìn, mo fi ọ̀kan di èkejì mú, mo sì gbàdúrà pé kí Ọlọ́run di ẹnu mi.

Fèrè dún, wọ́n fò sómi. Ní àlọ, ọmọ gíga yẹn ló ṣíwájú. Wọ́n kan ògiri ọ̀hún, wọ́n yí padà. Kí wọ́n tó sún mọ́ ọ̀dọ̀ wa, ojú adájọ́ ní àyè díẹ̀ láti rìn, ojú mi sì rìn. Bí ọmọ mi ṣe dé àárín omi, níbi tó ti dúró lọ́jọ́sí gan-an, mo rí i pé orí rẹ̀ yọ sókè, ó sì pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Apá rẹ̀ lọ́ra. Ó ń fetí sílẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Ọmọ mi ti ń gbé ohùn mi kiri nínú omi yẹn láti ọjọ́ yẹn, ní gbogbo ìdíje, níbẹ̀ náà, Bàbá wọn ò sì rí i, tàbí kó rí i, kó ní ó lúwẹ̀ẹ́. Mo pa ẹnu mọ́ débi pé eyín mi dùn mí.

Ni orí náà bá rì padà, apá rẹ̀ là, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀. Ó bọ̀ tagbáratagbára. Mo dá ojú mi padà sí ọ̀nà tèmi, nítorí ọmọ gíga yẹn ti dé. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kan ògiri pa pọ̀, ó mọ́, kò lábààwọ́n. Iṣẹ́ mi ti parí. Mo wá yí ojú, mo rí ọwọ́ ọmọ tèmi, méjèèjì, tó kan ògiri tẹ̀lé e. Ipò kejì. Kò dúró. Ó kọjá ibẹ̀, kò dúró.

Ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Inú mi kún, mi ò lè lanu, ọpẹ́ sì gbọ́dọ̀ gba ibì kan jáde. Mo gbé ojú sókè sí òrùlé. Nígbà tí mo máa fi mọ̀, gbogbo ilé ti pa lọ́lọ́. Ọwọ́ ọ̀tún mi wà lókè, gbọnrangandan, lórí ọ̀nà kẹrin.

Ọmọ gíga náà ti rí i. Ó wo ọwọ́ mi, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ojú rẹ̀ sì fà ro. Bàbá rẹ̀ ti dìde láàárín àwọn òbí, ó ń pariwo pé Ìyá Dúró mà ni, pé ọmọ rẹ̀ ló wà ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ yẹn, pé ẹ wo ojúsàájú lójúkojú. Mo mọ ohùn yẹn. Tèmi ni, ọkùnrin ló kàn ń fi pariwo. Bí wọ́n bá yọ ọmọ rẹ̀ kúrò, ọmọ mi ló di ìkíní.

Ìyá Fèrè rìn wá, kò kánjú. Ó dúró níwájú mi, ó sì bi mí bí wọ́n ṣe ń bi gbogbo adájọ́: "Kí lo rí?"

Mi ò ní purọ́ fún yín, ó gba ọkàn mi kọjá. Ọ̀rọ̀ kan péré ni, kò sẹ́ni tó máa já a. Àmọ́ mo ti rí ọwọ́ ọmọ yẹn, ohun tí mo bá sì rí, mo ti rí i.

"Mi ò rí àṣìṣe kankan, mà," mo ní. "Ọmọ mi ni mo rí."

"Ọwọ́ tó wà lókè yẹn ńkọ́?"

"Ó ń dúpẹ́ ni, mà."

Ó wò mí títí. Igun ẹnu rẹ̀ mì, ó fi ọwọ́ nù ún bí ẹni pé omi ta sí i. Lẹ́yìn náà ló kéde pé kò sí àṣìṣe ní ọ̀nà kẹrin, ìkíní ṣì ni ìkíní. Mo kúnlẹ̀ lórí táìlì tútù, mo na ọwọ́ sí ọmọ gíga yẹn, mo fà á jáde nínú omi. Mo sọ fún un pé òun ló gbà á, ó sì gbà á tó mọ́, èmi ni mo rí i. Ó dì mọ́ ọrùn mi tòun ti omi. Bàbá rẹ̀ ti jókòó, kò sì mọ ibi tó máa kọjú sí. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Ìyá Fèrè ní kí n lọ mu omi. Èmi náà kì í ṣe ọmọdé, mo mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀wọ̀ lé èèyàn. Mo wọ ọ̀ọ̀dẹ̀ tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ lọ, mo bọ́ káàdì ọrùn mi, mo bọ́ bàtà rọ́bà oníṣẹ́ iná, mo nù ún gbẹ kí wọ́n lè bá mi dá a padà fún un. Mi ò bínú. Ọpẹ́ ló wà lọ́kàn mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá àgbà tó fi ojú mi ṣe nǹkan nígbà tí ẹnu mi ti lé mi jáde. Mo dúpẹ́ fún gbogbo ìka ẹsẹ̀ tó gbọ̀n níwájú mi. Mo dúpẹ́ pé mo wà níbẹ̀ nígbà tí ọmọ mi kọjá àárín omi. Bó bá jẹ́ ibi tó mọ nìyẹn, ó tó.

Ibẹ̀ ni ọmọ náà bá mi, ó wé aṣọ ìnura mọ́ra, omi ń ṣàn lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Mọ́mì, ibo lẹ ń lọ?"

Mo ní ilé ni. Mo ní kó má bínú sí mi, mo ti ba àdéhùn wa jẹ́, gbogbo ayé ló rí ọwọ́ mi.

Ó rò ó díẹ̀. "Ohùn la jọ sọ," ó ní. "A ò sọ̀rọ̀ ọwọ́."

Mi ò mọ ibi tó ti kọ́ irú àgbàwí ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Kó sì tó di pé mo rẹ́rìn-ín, ó ti jókòó tì mí, ó ń wo ilẹ̀.

"Tí mo bá ti dé àárín omi, mo máa ń retí kí ẹ pè mí. Lónìí, mo gbọ́ títí, kò sí nǹkan kan. Ni mo bá gbójú sókè, mo rí aṣọ funfun yín níwájú." Ó fi orí tútù rẹ̀ lé èjìká mi. "Kì í ṣe pé mò ń lé ẹnì kankan. Ọ̀dọ̀ yín ni mò ń bọ̀."

Níta, fèrè Ìyá Fèrè dún, ó dún lẹ́ẹ̀kejì. Oníṣẹ́ iná yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó ní Ìyá Fèrè ní omi wo ni mò ń mu tí kò tán, ọ̀nà kẹrin ò ní adájọ́. Mo wo káàdì tó wà lọ́wọ́ mi. Mo wo ọmọ mi.

"Ó ku ìdíje kan tí mo fẹ́ ṣe," ó ní. Ó gba káàdì náà lọ́wọ́ mi, ó sì fi kọ́ mi lọ́rùn padà. "Ẹ dúró."

Kò pariwo ẹ̀. Ṣùgbọ́n nílé wa, bí wọ́n bá ti ní dúró, ẹsẹ̀ kì í gbéra mọ́. Mo wọ bàtà rọ́bà mi padà, mo jáde sétí omi, mo fi ọwọ́ sẹ́yìn, mo fi ọ̀kan di èkejì mú dáadáa. Mo dúró.